Orí Kẹfà: Dídá Koríko Àbàtà Oníyọ̀ Mọ̀ ní Etí Ọ̀sà Ébrié

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọmọ ènìyàn mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e wọ inú àbàtà yóò ṣi koríko lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí koríko kan nínú ẹrẹ̀ oníyọ̀, tó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé koríko tó ń fara da iyọ̀ nìyí, ilé ló wò, kò wo ọmọ. Nínú orí yìí, ọmọ gan-an ni a ó wò: ọ̀pá rẹ̀, ewé rẹ̀, ṣírí rẹ̀ àti hóró inú ṣírí náà. Ìgbà tí a bá dá a mọ̀ tán ni a ó tó bi í léèrè irú ilé tó ń gbé.

Koríko tí a fẹ́ mọ̀ ni Paspalum vaginatum. Láti Senegal títí dé Cameroon ni ó ń hù ní etí ọ̀sà, ní ẹnu odò àti nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn òkun. Àwọn ará Èkó, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Anoumabo ní Abidjan ni a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé omi ibẹ̀ ń yí padà láàárín ọdún, ó sì rọrùn fún irú omi bẹ́ẹ̀ láti tan ẹni tí kò bá fara balẹ̀ jẹ.

Anoumabo àti omi rẹ̀

Abúlé àwọn Ébrié, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman, ni Anoumabo, ní àgbègbè Marcory. Orin ló gbé orúkọ ibẹ̀ jáde sáyé: FEMUA, àjọ̀dún tí ẹgbẹ́ olórin Magic System dá sílẹ̀ ní 2008, ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n ń tajà ní Marcory, Treichville àti Koumassi mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Orí erékùṣù Petit-Bassam ni àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà, omi ọ̀sà ló sì yí wọn ká. Afárá Henri Konan Bédié, tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ló so Marcory mọ́ Riviera ní òdìkejì omi.

Ọ̀sà Ébrié fẹ̀ tó 566 km², ó sì gùn ju 100 km lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Láyé àtijọ́, Grand-Bassam, níbi tí odò Comoé ti ń ya sókun, ni ọ̀sà náà ti ń bá òkun pàdé. Nígbà tó di 1950, wọ́n ṣí ọ̀nà omi Vridi kí ọkọ̀ òkun lè wọ èbúté Abidjan. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ náà bá a wọlé, ó sì dé àárín ìlú.

Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, òjò kì í pọ̀, odò kì í lágbára, omi òkun a sì máa ti ara rẹ̀ wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú ìgbì. Ìgbà yẹn ni iyọ̀ máa ń pọ̀ jù. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, òjò ńlá á rọ̀ sórí Abidjan fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, Comoé, tó ti Burkina Faso ṣàn wá, á gbé ìkún omi apá àríwá dé. Omi yìí a lé iyọ̀ sẹ́yìn. Àwọn tó ń gbé etí omi mọ àkókò náà nípa ewéko Eichhornia crassipes, ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó, tí odò ń gbá wá; bí iyọ̀ bá ti padà dé, yóò pọ́n, yóò sì kú.

Nítorí náà, ibi kan náà tí omi rẹ̀ níyọ̀ gan-an ní oṣù kẹta lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò ní oṣù kẹwàá. Koríko omi odò lè hù níbẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko tó ti ń gbé inú iyọ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹrẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ nìkan sọ wọ́n lórúkọ yóò pe méjèèjì ní ohun kan.

Ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún koríko

Omi òkun ní iyọ̀ bí 35 gíráàmù nínú lítà kan. Bí a bá ń bu irú omi bẹ́ẹ̀ sí ìdí àgbàdo, kò ní pẹ́ tí yóò fi rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù. Omi máa ń lọ síbi tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù. Dípò kí gbòǹgbò máa fa omi wọlé, ilẹ̀ ni yóò máa fa ti inú gbòǹgbò jáde. Yàtọ̀ sí èyí, sodium àti chloride tó bá pọ̀ jù nínú ewé a máa ba iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹrẹ̀ àbàtà náà sì ní ìṣòro tirẹ̀: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó gbòǹgbò mí.

Paspalum vaginatum ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń kó àwọn èròjà bíi proline jọ sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí omi lè máa wọlé. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ wà nínú gbòǹgbò àti ọ̀pá rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè sì ń gba ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀. Ní ti sodium, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan tó wú jáde lójú ewé rẹ̀ lókè ni ó ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí ó má bàa pa ìyókù ewé lára. Sporobolus virginicus, koríko etíkun mìíràn, gba ọ̀nà ọ̀tọ̀: ó ń tu iyọ̀ jáde sójú ewé. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, iyọ̀ náà a gbẹ, a sì máa dán lójú ewé nínú oòrùn. Ẹ má ṣe fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ni. Ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sínú ọ̀sà yìí.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n inú ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó dúró létí omi kò lè fojú rí proline. Ohun tí ojú rí ni a ó fi ṣiṣẹ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí: ọ̀pá àti ewé

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé koríko ni ẹ mú dání. Nínú àbàtà, àwọn ewéko ìdílé Cyperaceae, èyí tí òfìo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pọ̀ bíi koríko, wọ́n sì jọ ọ́. Ẹ yí ọ̀pá rẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Bí ó bá ní igun mẹ́ta, tí kò sì ní oríkèé láàárín, ìdílé òfìo ni. Ọ̀pá koríko a máa ní oríkèé. A rí nínú ìdílé òfìo tí ọ̀pá wọn rí roboto, bíi Cyperus articulatus, nítorí náà ẹ máa wá oríkèé pẹ̀lú, ẹ má fi igun nìkan ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé ọ̀pá náà dé ilẹ̀. Ẹ má fà á tu. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ lé e lórí ẹrẹ̀. Ọ̀pá Paspalum vaginatum a máa rákò jìnnà, ní oríkèé kọ̀ọ̀kan a sì máa ta gbòǹgbò, kí ọ̀pá tuntun tó dìde níbẹ̀. Ó tún ní àwọn ọ̀pá mìíràn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ń bo ilẹ̀ pátápátá, tí koríko mìíràn kì í rí àyè hù láàárín rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tó nàró kì í sábà ga ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewé rẹ̀ to sí ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò fẹ̀: mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́jọ ni, kì í sì í sábà gùn ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ewé náà a ká sínú, á wá dà bíi pé ó tinrín ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹ ṣí i kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Àkọ̀ ewé, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó wé mọ́ ọ̀pá, fẹ̀, ó sì máa ń bo àkọ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀. Níbi tí ewé ti fi àkọ̀ sílẹ̀, ẹ rọra fa ewé sẹ́yìn kí ẹ wo inú igun ibẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúkurú kan ni ẹ ó rí. Bí ó bá jẹ́ irun lásán ló wà níbẹ̀, tí kò sí awọ, Paspalum vaginatum kọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Cynodon dactylon tàbí Sporobolus virginicus. Irun gígùn díẹ̀ lè wà lẹ́yìn awọ náà lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Awọ ni kí ẹ wá.

Níbi tí a dé yìí, a ti yọ ọ̀pọ̀ koríko kúrò, ṣùgbọ́n a kò tíì lè sọ orúkọ. Ọ̀pọ̀ ìwé kékeré máa ń dúró níbi yìí, wọ́n á sì fi àwòrán ewé kún un. Mo rọ̀ yín kí ẹ má dúró. Ewé koríko kan àti òmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣírí ni ẹ̀rí tó dájú.

Ṣírí àti hóró

Ṣírí Paspalum vaginatum jẹ́ méjì lórí ọ̀pá, ojú kan náà ni wọ́n sì ti pín lókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn bíi pé ọ̀kan ni wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á là, wọ́n á ya bíi lẹ́tà V. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ lè rí mẹ́ta tàbí ẹyọ kan. Nítorí náà ẹ má ka orí kan ṣoṣo. Ẹ ka orí púpọ̀ nínú pápá kan náà.

Ẹ já ṣírí kan, ẹ yí i. Ọ̀pá àárín rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, hóró sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní ìlà méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọn kì í ṣe méjì-méjì lójú kan.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ́ bébà funfun, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ hóró kan sórí rẹ̀, ẹ sì mú awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Hóró náà gùn tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin àbọ̀. Ó tẹ́, orí rẹ̀ ṣóńṣó, àwọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín àwọ̀ ewé tútù àti yẹ́lò. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, ẹ ó rí i pé kò nípọn rárá. Èèpo ìta rẹ̀ dán. Kò ní irun lára. Iṣan àárín èèpo náà kò hàn dáadáa, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé èèpo ìta kúrò. Èèpo inú le jù ú lọ, ní orí rẹ̀ ṣóńṣó gan-an ni irun kéékèèké mélòó kan wà. Ẹni tí kò bá lo awò kò ní rí i.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá ṣí hóró méjì, mẹ́ta tí ẹ kò bá ọmọ nínú rẹ̀. Koríko yìí kì í sábà gba àtọ̀ ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ pápá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọ̀pá kan ṣoṣo tó rákò títí. Hóró rẹ̀ lè pọ̀ kí ọmọ inú rẹ̀ má tó nǹkan. Ọ̀pá tó ń rákò ló fi ń tàn kálẹ̀.

Àwọn tó jọ ọ́

Paspalum distichum ló jọ ọ́ jù lọ. Òun náà ní ṣírí méjì, òun náà ń rákò, òun náà fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Omi odò ló bá a lára mu jù, ó sì lè fara da iyọ̀ díẹ̀, nítorí náà ó lè wà nítòsí. Hóró rẹ̀ kúrú díẹ̀, mìlímítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀, ó sì sanra ju ti èkejì lọ. Èèpo ìta rẹ̀ ní irun kúkurú tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, iṣan àárín rẹ̀ hàn kedere, ní ìdí hóró ni a sì sábà máa ń rí èèpo kékeré kan tó dúró bí igun mẹ́ta. Èèpo tó dán ni vaginatum. Èèpo onírun ni distichum. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun mìíràn nínú orí yìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Paspalum conjugatum ń hù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, lábẹ́ igi àti nínú oko kòkó. Ṣírí méjì ló ní, ṣùgbọ́n wọ́n gùn, wọ́n tinrín, wọ́n sì nà sí ẹ̀gbẹ́ bíi lẹ́tà T. Hóró rẹ̀ kéré, kò ju mìlímítà méjì lọ, ó rí roboto, irun múlọ́múlọ́ sì yí etí rẹ̀ ká. Kì í gbé inú omi iyọ̀. Cynodon dactylon ní ṣírí mẹ́ta sí mẹ́fà tó ti ojú kan jáde. Sporobolus virginicus ní ẹyọ ṣírí kan tó há mọ́ra lórí ọ̀pá, ewé rẹ̀ sì le, ó ṣóńṣó, ó ń gún ni lẹ́sẹ̀. Iyanrìn ẹ̀yìn òkun ni ó pọ̀ sí jù. Ní ti Panicum repens, òun náà ń rákò lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń fara da iyọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tú ká sí ẹ̀ka púpọ̀, hóró rẹ̀ kò sì tò sí ìlà.

Nípa orúkọ

Olof Swartz, ará Sweden, ló sọ Paspalum vaginatum lórúkọ ní 1788. Linnaeus ti sọ Paspalum distichum lórúkọ ṣáájú, ní 1759. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé kan fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, títí àwọn onímọ̀ fi jiyàn gidi lórí ọ̀rọ̀ náà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Èyí kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé àtijọ́ nípa ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹ bá rí distichum nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ìwé náà sì sọ pé nínú omi iyọ̀ ni wọ́n ti já a, ẹ yẹ àpèjúwe hóró wò kí ẹ tó gbà á. Fún Côte d'Ivoire, ìwé tí a ó fẹ̀yìn tì ni àkójọ orúkọ ewéko tí Laurent Aké-Assi tẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ méjì, 2001 àti 2002.

Ohun tí koríko náà ń sọ fún wa

Nígbà tí a bá ti dá a mọ̀ dájú nípa ṣírí àti hóró, a lè wá bi í léèrè nípa ilé. Paspalum vaginatum lè gbé inú omi tí kò níyọ̀, nítorí náà ẹyọ rẹ̀ kan kò jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti gba ilẹ̀ títí tí koríko mìíràn kò sí láàárín rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iyọ̀ ń dé ibẹ̀ lọ́dọọdún tó fi lé àwọn ìyókù lọ. Omi tí a bá wọ̀n lónìí ń sọ ti òní. Pápá koríko ń sọ ti ọdún púpọ̀.

Ní gúúsù Benin, pápá rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Nokoué àti ní agbègbè Ouidah. Kútọnu ní ìtàn tó jọ ti Abidjan: ọdún 1885 ni wọ́n la ọ̀nà omi láti Nokoué sínú òkun, iyọ̀ sì gba ibẹ̀ wọlé. Ní Djègbadji lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n sì ń sè é títí yóò fi di iyọ̀. Igi mangrove ni wọ́n ti fi dáná rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti gé mangrove ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Paspalum vaginatum sábà máa ń wà lára àwọn tó ń gba ilẹ̀ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, pápá rẹ̀ tó lẹ́wà tó sì tutù lè jẹ́ ibi tí igbó ti kú. Ẹni tó fẹ́ gbin mangrove padà ní láti mọ èyí.

Kò yẹ kí a tìtorí ìyẹn kà á sí ọ̀tá. Ó ń di ẹrẹ̀ mú kí omi má bàa gbé e lọ, màlúù sì ń jẹ ẹ́. Lókè òkun, wọ́n ń gbìn ín sí pápá golf etíkun, nítorí wọ́n lè fi omi oníyọ̀ bomi rin ín. Ẹ̀yà rẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́ sí pápá ìdíje Ife Àgbáyé ní Qatar ní 2022. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀, iyanrìn ni wọ́n ń dà sí àbàtà etí ọ̀sà, ní Abidjan bí ó ti rí ní Èkó. A kò lè gbèjà ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa nìyí.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ kan já koríko mẹ́ta ní etí omi ní oṣù kẹwàá. Àkọ́kọ́ ní ṣírí méjì tó ya bíi T, hóró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjì, irun sì yí etí rẹ̀ ká. Èkejì ní ṣírí méjì, hóró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́rin, ó tẹ́, ó sì dán. Ẹ̀kẹta ní ṣírí méjì, hóró mìlímítà mẹ́ta, ó sanra, irun sì wà lára èèpo rẹ̀. Ẹ sọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì sọ àmì tó jẹ́ kí ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Kí ni ìdí tí oṣù tí ó já wọn fi ṣe pàtàkì?

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn mú ewé àti ọ̀pá nìkan wá, láìsí ṣírí. Títí dé ibo ni ó lè bá ìdánimọ̀ náà dé, ibo ló sì gbọ́dọ̀ dúró?

Ẹ lọ sí etí ọ̀sà tàbí ẹnu odò tó sún mọ́ yín. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ má dá nìkan lọ, ẹ sì béèrè ìgbà tí omi máa ń kún lọ́wọ́ àwọn apẹja kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ já koríko kan tòun ti ọ̀pá tó ń rákò, ewé àti ṣírí. Ẹ fi í sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, irú ilẹ̀, bí omi ṣe wà nígbà náà àti orúkọ ẹni tó já a sára rẹ̀. Koríko gbígbẹ tí kò ní àkọsílẹ̀ yìí lára kò wúlò fún ẹ̀kọ́.